Ère Tí Ń Hu Ewé: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Inú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, bí ẹnì kan bá bi ọ́ léèrè pé kí ni iṣẹ́ ọnà wà fún, ó ṣeé ṣe kí o dáhùn pé fún ẹwà ni, kí ojú lè rí ohun dídára wò. Ìdáhùn náà kò burú. Èmi pẹ̀lú fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún púpọ̀, mo sì fi í ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí mo bá ń fún wọn ní máàkì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà kan wà ní ilẹ̀ wa tí ìdáhùn yìí kò tó fún, nítorí pé bí o bá lọ wá ẹwà nìkan níbẹ̀, ẹ̀rù tàbí ẹ̀rín ni ìwọ yóò mú padà wá sílé, ìwọ kì yóò sì mọ ohun tí o rí. Iṣẹ́ náà ni àwọn ère àti ògiri tí ó wà nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wọ́n wò bí a ti ń yẹ ewì tàbí ìtàn wò, kí a yin èyí tí ìyìn tọ́ sí, kí a má sì fi èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó pamọ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan, nítorí ẹni tí yóò ṣe ìdájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí. Ọmọ olùkọ́ ìjọ ni mí. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, a kì í dárúkọ igbó náà láìmi orí. Nígbà tí mo di tíṣà, tí wọ́n sì ní kí n máa kọ́ni ní yíya àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kì yóò dárúkọ, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì mi ya ère ńlá kan tí ó rí nínú igbó náà. Ère ọ̀hún ní apá púpọ̀, ojú rẹ̀ rí ràgàjì, ewé kékeré mẹ́ta sì hù jáde láti èjìká rẹ̀. Mo pe ọmọ náà, mo bi í pé, “Ta ni ó sọ fún ọ pé ère a máa hu ewé?” Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí mo ti rí i ni.” Mo fún un ní máàkì 3 nínú 10, mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán náà pé kí ó máa ya ohun tí ó wà, kí ó yé ya ohun tí kò sí. Èmi tí mo kọ ọ̀rọ̀ yìí kò tíì fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ igbó náà rí ní ọjọ́ náà.

Létí odò Ọ̀ṣun ni igbó náà wà, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó hẹ́kítà 75. Ìtàn tí àwọn ará Òṣogbo ń pa nípa ìbẹ̀rẹ̀ ìlú wọn yẹ kí a mẹ́nu bà níhìn-ín, nítorí gbogbo iṣẹ́ ọnà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà nínú ìtàn náà bí igi ti wà nínú kóró. Wọ́n ní Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn wá omi, wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò náà. Bí wọ́n ti ń gé igi kí wọ́n lè rí ibi kọ́lé sí, igi kan wó lulẹ̀ sínú omi, ohùn kan sì ké láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Kíyè sí i dáradára. Àwọn ènìyàn náà kò rí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ohùn nìkan ni wọ́n gbọ́. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ti rí ìkòkò náà nígbà tí ó ṣì wà ní odindi. Síbẹ̀ wọ́n gbà pé àwọn ti ṣe ìbàjẹ́, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ tẹ ìlú dó sí ibòmíràn, wọ́n sì fi etí odò sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò fi ojú rí. Ìwọ lè gba ìtàn yìí gbọ́, ìwọ sì lè kà á sí àlọ́. Ìyẹn kò yí ohun kan padà, pé nígbà tí a ti gé igbó tí ó yí ìlú ká lọ fún oko àti ilé, igbó yìí ṣì dúró. Ó wà lára ìwọ̀nba igbó àtijọ́ tí ó kù ní gúúsù Nàìjíríà. Ohùn tí a kò rí ẹni tí ó ni ín ṣe iṣẹ́ tí ọgbà onírin ìbá má lè ṣe.

Ṣùgbọ́n ohùn a máa rẹlẹ̀ bí etí bá yí padà. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, agbára igbó náà ti dínkù gidigidi. Ẹ̀sìn Kristi àti ẹ̀sìn Mùsùlùmí ti gbilẹ̀ ní ìlú, àwọn tí ń tọ́jú ojúbọ kò pọ̀ mọ́, ikán ń jẹ òpó ilé òrìṣà, àwọn kan ń wọ inú igbó lọ gé igi, àwọn mìíràn ń dọdẹ níbẹ̀, àwọn kan sì ti ń fi ojú ìnáwó wo ilẹ̀ náà. Ní àkókò yìí ni obìnrin kan yọ. Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀, oníṣẹ́ ọnà tí a bí ní ìlú Graz ní Austria ní 1915. Òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, ni wọ́n jọ dé Nàìjíríà ní 1950. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ikọ́ ife fi dá a dùbúlẹ̀. Ìgbà tí ó ń bọ̀ sípò ni ó sún mọ́ Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹ̀sìn òrìṣà. Nígbà tí ó yá, ó fi Òṣogbo ṣe ilé, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Àdùnní Olórìṣà. Wọ́n ní kí ó wá bá wọn tún ojúbọ tí ń wó ṣe. Iṣẹ́ àtúnṣe tí a rò pé kì yóò pẹ́ ni ó di iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, títí ó fi kú ní Òṣogbo ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ra. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ igbó yìí a máa sọ ọ́ bí ẹni pé òyìnbó kan ṣoṣo ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn bírìkìlà, káfíńtà àti agbẹ́gilére ni wọ́n bá a ṣe é, àwọn tí ó mọ sìmẹ́ǹtì, igi àti òkúta ju bí òun ti mọ̀ ọ́n lọ. Adébísí Àkànjí jẹ́ bírìkìlà kí ó tó di ẹni tí a mọ̀ ní òkè òkun. Kàsálí Àkàngbé Ògún ni ó gbẹ́ àwọn òpó igi tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú àti ìmú wọn gùn bí ẹni pé igi náà kò tíì yé dàgbà lẹ́yìn tí a ti gé e. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ni ó gbẹ́ àwọn orí òkúta kúkúrú tí ojú wọn tóbi, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi bí ẹni tí ń retí àlejò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: obìnrin náà rí ohun tí àwọn wọ̀nyí kò tíì rò, àwọn wọ̀nyí sì lè ṣe ohun tí òun nìkan kò lè dá ṣe. Wo orúkọ wọn pẹ̀lú. Kàsálí, Bùráímọ̀, Gbàdàmọ́sí: orúkọ tí a ń jẹ ní ilé Mùsùlùmí ni. N kò mọ bí ìwọ yóò ti gba èyí, ṣùgbọ́n fún èmi tí mo ti rò pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ère ti sọ ẹ̀sìn ara rẹ̀ nù, ó jẹ́ ohun tí ó mú mi dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri, nítorí òun ni àlejò kọ́kọ́ ń rí. Bí o bá ti rí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Èkó tàbí ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwọ yóò ti rí òdòdó àti kìnnìún tí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe sí ara wọn. Àwọn Àgùdà tí ó padà dé láti Brazil ni wọ́n mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá, àwọn bírìkìlà wa sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ọwọ́ Àkànjí ti jáde. Nígbà tí a nílò ògiri tí yóò yí igbó náà ká, kí àwọn agégi àti ọdẹ má bàa máa wọlé bí ó ti wù wọ́n, kò mọ ògiri lásán. Ó mọ ènìyàn, ẹranko àti ẹyẹ sí i lára, ní àwọn ibi kan ó sì dá ihò sí i bí ẹni ń hun àwọ̀n, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dúró níta lè rí ewé tí ń mì nínú. Rò ó wò. Ògiri tí a mọ láti ṣe ìdènà ni, síbẹ̀ kò dí ojú. Ó sọ fún ọ pé, “Má wọlé pẹ̀lú àáké,” kò sì sọ pé, “Má wò.” Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ láti fi hàn ọ́ bí bírìkìlà ti lè jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ògiri yìí ni n óò mú, n kì yóò mú ère ńlá kankan.

Ṣùgbọ́n nípa ère ńlá kan ni ìjà èmi àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìyá Mòòpó ni wọ́n ń pe ère náà. Ìyá Mòòpó ni alábòójútó iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin: ìkòkò mímọ, aró rírẹ àti irú wọn. O rántí ìkòkò aró tí igi fọ́ nínú odò? A ń rẹ aró ní Òṣogbo títí di òní, a sì ń ki ìlú náà ní ìlú aró. Nítorí náà kì í ṣe àjèjì ni ère yìí níbẹ̀. Ó ga ju ènìyàn lọ ní ìlọ́po, ó sì na apá rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀. Bí o bá wá a wò bí a ti ń wo fọ́tò, kì yóò tẹ́ ọ lọ́rùn. Apá ènìyàn kì í rí bẹ́ẹ̀, ojú ènìyàn kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ibi tí o lè dúró sí tí o fi lè sọ pé, “Mo ti rí i tán.” Bí o bá lọ sí apá ọ̀tún, igi bo apá kan, bí o bá lọ sí apá òsì, ọwọ́ kan tí o kò rí tẹ́lẹ̀ yọ jáde. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé mo ti rí irú ìrísí yìí rí, tí kì í sì í ṣe lára ère. Bí ìrókò ti ń na ẹ̀ka ni. Kò sí ẹni tí í bi ìrókò pé èwo ni iwájú rẹ̀, èwo ni ẹ̀yìn. Oníṣẹ́ ọnà náà kò fi ère wé ènìyàn. Ó fi í wé ohun tí ń hù. Nígbà tí mo mọ èyí, àléébù tí mo ti kà sí i lọ́rùn di òfin tí ó ń tẹ̀ lé.

Fi í wé iṣẹ́ mìíràn tí gbogbo ayé ń yìn. Ní 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú àwọn orí idẹ jáde nínú ilẹ̀. Ó ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìmú, ètè àti ìlà ojú wọn ṣì hàn kedere bí ẹni pé àná ni a dà wọ́n. Iṣẹ́ àgbàyanu ni, n kò ní sọ ohun tí yóò dín iyì rẹ̀ kù. Àwọn orí wọ̀nyí pẹ́ láyé nítorí pé wọn kò yí padà. Idẹ ni wọ́n, ilẹ̀ sì pa wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ère Òṣogbo kò ní irú ààbò yẹn. Amọ̀, sìmẹ́ǹtì, irin àti igi ni, ìta gbangba ni wọ́n sì wà. Òjò ń rọ̀ lé wọn lórí láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, oòrùn ń sán wọn, ọyẹ́ ń là wọ́n, ikán ń jẹ igi wọn, ohun tútù tí ń hù lára ògiri ń bò wọ́n bí aṣọ. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ láìtún wọn ṣe, ìran kan kì yóò kọjá tí púpọ̀ nínú wọn yóò fi di òkìtì. Àwọn kan a sọ pé àìmọ̀ṣẹ́ ni èyí: èé ṣe tí a kò fi òkúta líle tàbí idẹ ṣe wọ́n?

Èmi náà bi ìbéèrè yẹn rí. Ṣùgbọ́n wo igbó tí ó yí wọn ká. Kò sí igi kan níbẹ̀ tí kò ní kú. Ewé ń rẹ̀, ẹ̀ka ń ṣẹ́, àràbà ńlá a máa wó lulẹ̀ ní ọjọ́ ìjì, láàárín ọdún díẹ̀ olú àti kòkòrò yóò ti sọ ọ́ di ilẹ̀. Síbẹ̀ igbó kì í kú, nítorí pé ó ní agbára láti tún bẹ̀rẹ̀. Oríṣi agbára méjì ni ó wà láyé. Èkíní ni agbára apata, tí í sọ pé, “N kò ní yẹsẹ̀.” Èkejì ni agbára igbó, tí í sọ pé, “Bí mo bá tilẹ̀ ṣubú, n óò tún hù.” Àwọn orí Ifẹ̀ ní agbára èkíní. Èkejì ni ti Òṣogbo, ó sì ń béèrè ohun kan tí idẹ kì í béèrè: ó ń béèrè ènìyàn. Bí ẹnì kan kò bá gbé amọ̀ àti ṣíbí ìrẹ́lé lọ́dọọdún, iṣẹ́ náà parí. Òun ni mo ṣe sọ pé ìgbàgbọ́ tí a kò fi ojú rí ni ó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ń da idẹ lè lọ sùn, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun yóò wà. Ẹni tí ó mọ ère amọ̀ sínú òjò ti fi ọkàn tán ọmọ tí a kò tíì bí, pé ọmọ náà yóò wá rẹ́ ẹ.

Kò yẹ kí o rò pé gbogbo rẹ̀ ni mo fara mọ́. Àwọn ilé kan wà nínú igbó náà tí ó tóbi jù lójú tèmi, tí ìyẹ́ àti ìwo wọn ń bá igi du ojú ọ̀run dípò kí wọ́n jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú kì í mí bí amọ̀. Bí ó bá gbó, kì í padà di ilẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ṣe ni í máa ṣẹ́ ní páálí-páálí, tí irin inú rẹ̀ yóò sì yọ síta bí egungun. Àwọn àlàyé tí Àdùnní fúnra rẹ̀ kọ nípa àwọn ère wọ̀nyí wúwo púpọ̀ fún ẹni tí kò mọ èdè rẹ̀, mo sì gbà ọ́ níyànjú pé kí o kọ́kọ́ wo ère kí o tó ka àlàyé. Ẹnu ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Ìjàpá tí ń fò. Ìwọ tí o mọ àlọ́ Ìjàpá tí ó yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ mọ bí ìrìn-àjò yẹn ti parí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ orúkọ náà, n kò sì rò pé ẹ̀rín mi bí ẹni tí ó mọ ọ́n nínú.

Àtakò tí ó le jù ni ti àwọn tí ó sọ pé àlá obìnrin àjèjì ni a ń wò, pé ojúbọ àtijọ́ kéré, pé kò ju òkúta, ìkòkò àti mọ̀rìwò díẹ̀ lọ, àti pé iṣẹ́ tuntun yìí ti gba ojú ènìyàn kúrò lára ohun àtijọ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Nǹkan sọnù. Ìdákẹ́jẹ́ òkúta kékeré kan lábẹ́ igi ní iyì tí ère gíga kò lè ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn kò gbọ́ ohùn odò mọ́, òkúta kékeré kò lè dá agégi dúró. Ère gíga dá a dúró. Àáké tí kò bẹ̀rù òrìṣà ṣe sùúrù níwájú iṣẹ́ ọnà. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí í ṣe ogún gbogbo ayé. Mo rò pé ohun tí a rí gbà ju ohun tí a pàdánù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó jẹ́ olùsìn níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìṣirò tirẹ̀.

Bóyá ìwọ ń bi mí lọ́kàn rẹ pé, “Ọ̀gá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí,” tàbí “Ọmọ mọ́ṣáláṣí ni mí, kí ni ó kàn mí níbẹ̀?” Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí o wólẹ̀. Wíwo iṣẹ́ ọnà yàtọ̀ sí sísìn ín, bí kíka ìtàn ọba ti yàtọ̀ sí jíjẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o má ṣe bí mo ti ṣe, tí mo ṣe ìdájọ́ kí n tó wò. Ìwọ pẹ̀lú ń gbàgbọ́ nínú ohun tí ojú rẹ kò rí. Ó yẹ kí o lè mọ ipa ẹsẹ̀ irú ohun bẹ́ẹ̀ nígbà tí o bá rí i lára iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ewu igbó náà kò tíì tán. Àáké ni ti àtijọ́. Ti ìsinsìnyí ń gba inú omi wá. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tí ń wa góòlù ní apá òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti da omi Ọ̀ṣun rú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pọ́n bí amọ̀, àti ní 2022 a kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu omi tí àwọn baba wọn ti ń mu fún ìwòsàn. Kò sí ògiri oníhò tí ó lè dá irú èyí dúró, kò sì sí ère tí ó ga tó o. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ibẹ̀, ìyẹn ni ó ń bà mí nínú jẹ́ jù.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó lọ. Oṣù Keje ni, òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, àwọn ọ̀bọ ń fò lórí igi, omi ṣì ń kán láti ara ewé sí orí ère. Mo rìn lọ títí mo fi dé iwájú Ìyá Mòòpó. Mo gbé ojú sókè sí èjìká rẹ̀. Ibẹ̀ ti là díẹ̀, láti inú ihò náà ni ọmọ igi kékeré kan sì ti yọrí, ó ní ewé mẹ́rin tí ó ń dán nínú oòrùn. Mo dúró. Mo wá ọmọ kíláàsì mi náà lọ́kàn mi, mo rántí ojú rẹ̀, mo rántí ibi tí í máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n bí mo ti ń wá orúkọ rẹ̀ tó, kò wá.

Ọkùnrin kan dé pẹ̀lú àkàsọ̀ àti garawa sìmẹ́ǹtì. Ó kí mi, ó gun òkè lọ, ó fa ọmọ igi náà tu pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́ ibi tí ó là. Mo pè é láti ìsàlẹ̀, mo ní, “Ọmọ mi, kò ha ṣeé fi sílẹ̀ bí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rárá, Bàbá. Bí a bá fi í sílẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò fọ́ èjìká ère.” Ó fi ìka tẹ sìmẹ́ǹtì náà kí ó lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, bóyá ó rò pé inú mi kò dùn, ó wá tún sọ pé, “Ẹ má ṣe ìyọnu, Bàbá. Yóò tún hù. Lọ́dọọdún ni à ń fà á, lọ́dọọdún ni í máa ń padà wá.”